Ìwà Lẹwà: Lẹ́ńsì Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀

Àwa ìbejì tí ẹ máa ń rí níwájú àga àwọn àgbà ní ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́, tí ẹ máa ń sọ fún pé "Ẹ yà wá dáadáa o," àwa la kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá léèrè pé kí ló dé tí a máa ń pààrọ̀ lẹ́ńsì láàárín àpèjẹ, tí a ó yọ èyí tó gùn, tó tuntun, tí a ó wá fi ògbólógbòó dúdú kan sí ẹnu kámẹ́rà. Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀. Ìtàn bàbá wa wà nínú rẹ̀, àṣìṣe tiwa náà sì wà nínú rẹ̀.

Fótò kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kò gbé kọ́ ògiri rí. Ọdún 1985 ni bàbá wa yà á, nígbà tí a jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. A wọ aṣọ kan náà bí ìbejì ṣe máa ń wọ̀ ọ́, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ojú Táyé mọ́ gaara débi pé ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, tó sún sẹ́yìn díẹ̀, ṣú bàìbàì bí ẹni tó wà nínú èéfín. Ewé igi tó wà lẹ́yìn wa sì ń yí po bí omi tí wọ́n fi igi rò nínú korobá. Nígbà tí ìyá wa rí i, inú bí wọn. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló sọ fún yín pé ọmọ kan ni mo bí?" Wọ́n kì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, wọn kò sì jẹ́ kí àlejò kankan rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa yóò mọ ìdí tí wọ́n fi bínú. A kì í ra bàtà fún Táyé ká má rà fún Kẹ́hìndé. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí á ní kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì dípò rẹ̀. Nígbà tí fótò dé, àwọn ayafótò ilẹ̀ Yorùbá dá ọgbọ́n mìíràn sí i: wọ́n á ya ọmọ tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo, yóò wá dà bíi pé àwọn ìbejì náà jọ jókòó. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó wádìí iṣẹ́ fótò láàárín àwọn Yorùbá, kọ̀wé nípa irú fótò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1978 lẹ́yìn tó ti wo iṣẹ́ àwọn ayafótò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ayafótò bá lè sapá tó báyìí láti mú ọmọ tó ti lọ pa dà wá sínú fótò, ẹ wo bí yóò ti rí lára ìyá tó rí ọmọ tó wà láàyè bí ẹni tó ń pòórá.

Bàbá wa kì í ṣe ayafótò. Jórinjórin ni wọ́n, ní ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta. Ní ọdún 1979 ni ìjọba Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Soviet fọwọ́ sí àdéhùn láti kọ́ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn Rọ́ṣíà fi pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn tó ń pa dà sílé ló ta kámẹ́rà rẹ̀ fún bàbá wa. Zenit-E ni kámẹ́rà náà, kò lo bátìrì rárá, ó sì wúwo bí òkúta ọlọ. Lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni Helios 44-2. Helios ni orúkọ tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì ń pe òrìṣà oòrùn wọn.

Lẹ́yìn tí a dàgbà ni a tó mọ̀ pé àjòjì ni lẹ́ńsì náà bíi tiwa. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya àwòrán bí a ó ṣe ṣe é, ní ilé-iṣẹ́ Carl Zeiss nílùú Jena, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Biotar ni orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn Soviet kó ìwé, gíláàsì àti ẹ̀rọ láti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ wọn. Ní Krasnogorsk, nítòsí Moscow, ni wọ́n ti sọ ọ́ di Helios, tí wọ́n ń fi sẹ́nu Zenit tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Láti Jena dé Krasnogorsk, láti Krasnogorsk dé Ajaokuta, láti Ajaokuta gba Lọ́kọ́ja àti Abaji dé Kwali. Ẹni tó bá ti ṣí láti ilé kan sí òmíràn yóò mọ̀ pé ẹrù ẹni kì í dé bó ṣe gbéra.

Bàbá wa fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2003. Kámẹ́rà náà ti kú kí wọ́n tó lọ. Aṣọ inú rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé ti ya. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì kò kú. Ní 2014, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù fótò wa níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́sẹ̀ walẹ̀, a ra Canon tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí ojú inú rẹ̀ tóbi tó ti fíìmù àtijọ́. A rántí lẹ́ńsì inú àpótí. A yọ ọ́ jáde, a rí i pé ọ̀rinrin ti mú kí nǹkan funfun bí òwú aláǹtakùn hù sí etí gíláàsì rẹ̀. A gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, ó nù ún. A ra òrùka irin kan tí wọ́n ń pè ní adaptor, nítorí pé lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ Helios bọ ẹnu kámẹ́rà bí ìdérí ìgò, ẹnu Canon kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí. Oríṣi lẹ́ńsì kan wà tí a lè fà síwájú tàbí sẹ́yìn, tí yóò mú ẹni tó wà lọ́nà jíjìn sún mọ́ wa. Ti bàbá wa kì í fà. Mìlímítà 58 ni wọ́n ṣe é, 58 náà ni yóò máa jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú ènìyàn tóbi, ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó fi sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n olójú ńlá ni. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lára rẹ̀ lè là dé ibi tí wọ́n kọ f/2 sí, èyí fẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tó ń fà lọ. Nítorí náà, ó lè ríran nínú yàrá tí àtùpà kan ṣoṣo wà, láìsí pé a tan iná sí ènìyàn lójú.

Gbèsè wà nínú oore yìí. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe là tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó lè mú mọ́ gaara lẹ́ẹ̀kan ṣe ń kéré tó. Bí a bá dúró ní mítà 1 sí ènìyàn, tí a la ihò náà dé f/2, ibi tó máa mọ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ààbọ̀ lọ. Bí ẹyinjú bá mọ́, etí ti ń ṣú. Bí a bá sún sẹ́yìn dé mítà 2, yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14. Kò sì sí ẹ̀rọ tó ń bá a wá ojú ènìyàn bíi ti àwọn lẹ́ńsì òde òní. Ìka wa ni a fi ń yí òrùka rẹ̀ títí àwòrán á fi mọ́. Òrùka méjì mìíràn tún wà níwájú rẹ̀: a ó fi ọ̀kan yan ìwọ̀n ihò tí a fẹ́, a ó fi èkejì pa á dé sí ìwọ̀n náà. Ẹ̀ẹ̀melòó kan ni a yí èyí tí kò yẹ! Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nínú fótò mẹ́wàá, bóyá ni méjì ń mọ́ níbi tí a fẹ́.

Ìwà rẹ̀ kejì ni yíyí tí ẹ̀yìn ènìyàn ń yí po. Ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín lẹ́ńsì wọlé á rí róbótó. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, etí irin lẹ́ńsì á gé e lára, á rí bí ojú ológbò. Bí ewé igi bá wà lẹ́yìn, tí oòrùn ń yọ láàárín wọn, àwọn ojú ológbò yìí á tò yí ẹni tó wà láàárín ká bí àwọn oníjó tó yí onílù po. Tí ògiri ṣọ́ọ̀bù bá ló wà lẹ́yìn, ẹ kò ní rí i rárá. Bí oòrùn bá sì kọjú sí i gan-an, gbogbo fótò á funfun bí ìgbà ọyẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a mọ ibi tó fẹ́ràn àti ibi tí kò fẹ́: òjìji igi máńgòrò láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ènìyàn nítòsí, ewé lọ́nà jíjìn.

Ìlú Kwali gan-an bá wa kọ́ ọ. A gba àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá Gbagyi tó ń ti oko bọ̀, tó gbé igi ìdáná lé èjìká. Ẹ mọ̀ pé èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí bíi tiwa. Helios mú èjìká àti ojú mọ́, ó jẹ́ kí igbó yí wọn po. Níbẹ̀ ni a ti ronú kan Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, amọ̀kòkò tí wọ́n bí ní ìlú yìí ní nǹkan bí ọdún 1925, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20 tí a ń ná. Ní kékeré ló ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ilé wọn. Ní 1954 ló dara pọ̀ mọ́ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ tí Michael Cardew, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní 1951 ní Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja òde òní. Ó kọ́ ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló fi ń mọ àwọn ìkòkò omi ńlá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ rìn yí ìkòkò ká. Nígbà tó kú ní 1984, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé àwọn ìlú òkèèrè. Ìkòkò tí ọwọ́ mọ kì í rí déédéé bíi ti ẹ̀rọ. Ipa ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n wà lára rẹ̀, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì ń rà. Ohun tí àwọn ayafótò ń pè ní ìwà lẹ́ńsì nìyẹn. Àléébù ni lójú ẹni tó ṣe é, ẹwà ni lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ̀yìn èyí ni ìgbéraga dé. A rò pé a ti mọ̀ ọ́n tán.

Ní ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́ ní 2016, bàbá kan àti ìyá kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Ẹ mọ̀ wọ́n. A kò ní dárúkọ. Bíríkìlà ni bàbá nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìjọba sí Abuja, ìyá sì ń ta iṣu níhìn-ín. Ẹgbẹ́ ní kí a ya fótò ńlá kan, kí wọ́n fi fírémù sí i, kí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Màmá jókòó, Bàbá dúró sẹ́yìn àga, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká aya wọn. Igi máńgòrò wà lẹ́yìn, oòrùn ń yọ láàárín ewé. Ojú wa wọ inú ewé náà. A la Helios dé f/2, a mú ojú Màmá mọ́, a tẹ̀ ẹ́. Nínú gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, ohun gbogbo dára.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí aṣọ lójú fírémù náà níwájú gbogbo ilé. Gèlè Màmá mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn mọ́. Ojú Bàbá ṣú bàìbàì. Gbogbo ilé dákẹ́. Màmá wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ẹ̀yin Táyé-Kẹ́hìndé, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọkọ mi lọ?" Bàbá fi ẹ̀rín bò ó. Wọ́n ní, "Mo ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn." Àwọn ènìyàn ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o!" Àwa wólẹ̀ bẹ̀bẹ̀, a gbé fírémù náà pa dà sílé. Ìtìjú kò jẹ́ ká jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá wa kò sọ ohun púpọ̀. Wọ́n ṣí àpótí wọn, wọ́n mú fótò ọdún 1985 jáde, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ fírémù náà. Wọ́n ní, "Bàbá yín náà rò pé ewé ni mo ní kí wọ́n yà."

Ọjọ́ yẹn ni a tó kọ́ lẹ́ńsì yẹn ní tòótọ́. Títí di ìgbà náà, ohun tó lè ṣe ni a ń kọ́. A kò tíì kọ́ ìgbà tó yẹ kí ó ṣe é. Lẹ́ńsì olójú ńlá a máa yan ẹnì kan. Bí ẹni tó wà níwájú wa bá jẹ́ ẹnì kan, oore ni. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tí wọ́n ti jọ gbé fún àádọ́ta ọdún, a ní láti bi ara wa léèrè ta ni a fẹ́ pa rẹ́. Àwa tí a wà lájò yìí tilẹ̀ ní ìdí láti bẹ̀rù ìbéèrè yẹn. Fótò ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi mọ bàbá àgbà wọn tó wà nílé. Àwọn ọ̀mọ̀ràn kan tilẹ̀ sọ pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ "àwòrán" ti jáde wá. Ojú tí kò bá hàn, báwo ni a ó ṣe wò ó rántí?

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a pa dà lọ bá Bàbá àti Màmá. A kò lo lẹ́ńsì mìíràn. Helios kan náà ni. A ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, èjìká sí èjìká, ní ìwọ̀n jíjìn kan náà sí wa. A sún sẹ́yìn dé mítà 3, a pa ihò náà dé f/8. Níbẹ̀, ohun tó máa mọ́ lé ní mítà 1 dáadáa. Ewé kò yí po mọ́. Igi lásán ni. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà ni a tó la ihò náà pa dà sí f/2, a ya Màmá nìkan, a sì ya Bàbá nìkan nínú agbádá etù wọn. Inú wọn dùn. Ẹgbẹ́ gbé fótò tuntun náà fún wọn, ọ̀rọ̀ sì parí.

Bàbá fi ayé sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 2017. Fótò tí a ya wọ́n nìkan, tí ewé yí wọn po, ni àwọn ọmọ fi ṣe pósítà ìsìnkú, òun náà ni wọ́n fi sẹ́yìn ìwé ètò. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Màmá ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ní, "Fótò ọjọ́sí yẹn, èyí tí mo kọ̀, ṣé ẹ ti dà á nù?" A ní a kò dà á nù. Wọ́n ní kí a gbé e wá. Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n fi ìka tọ́ ibì kan tí àwa fúnra wa kò kíyè sí rí. Ọwọ́ Bàbá tó wà lórí èjìká Màmá mọ́ gaara, àní èékánná wọn, àní àpá símẹ́ǹtì àtijọ́ lẹ́yìn ọwọ́ wọn. Ọwọ́ náà bá ojú Màmá wà ní ìwọ̀n jíjìn kan náà sí lẹ́ńsì, ló fi mọ́.

Wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe rí sí mi báyìí nìyẹn. N kò rí ojú wọn mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn wà lára mi." Inú yàrá wọn ni fótò náà wà dòní.

Nígbà tí a délé, a sọ ọ́ fún ìyá wa. Ọjọ́ kejì ni wọ́n bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí a fi fírémù sí ti 1985. Wọ́n wo Kẹ́hìndé inú rẹ̀ títí. Ọwọ́ Táyé ni ó dì mú, ibi tí ọwọ́ méjèèjì gbé pàdé sì mọ́.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa ya ènìyàn ní bàìbàì kí ó sì pè é ní ọgbọ́n. Fótò ẹgbẹ́, fótò ìdílé, fótò tọkọtaya: ẹ jẹ́ kí gbogbo ojú mọ́. Ẹ pa ihò lẹ́ńsì dé f/8, ẹ to àwọn ènìyàn sórí ìlà kan. Bí ẹ bá ń ya ẹnì kan ṣoṣo, ẹ wá òjìji igi, ẹ la lẹ́ńsì, ẹyinjú tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ mú mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ya irú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìṣirò ni fóònù ń ṣe; ẹ wo etí gèlè ìyá yín dáadáa kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sílé, nítorí fóònù a máa gé gèlè mọ́ ewé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Fótò tó wà nínú fóònù tó sọnù kò lè pe ẹnikẹ́ni pa dà.

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Lẹ́ńsì bàbá wa ní ìwà, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìwà ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà náà ni yóò máa lò ó. Bí ẹ bá rí wa lọ́dún tó ń bọ̀ tí a ń yí òrùka lẹ́nu kámẹ́rà, ẹ ní sùúrù fún wa. Iye yín ni a ń kà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a pé síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tọmọdé tàgbà, kí ojú kankan má ṣe dín nínú wa. Àṣẹ.